Àdín ni Ọṣẹ Ìfọrun Fi Bẹ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ ló sì ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ń wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ ìfọrun nínú ilé lónìí, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi ní kó lọ ra òróró àgbọn. Ọ̀rọ̀ yìí ti di òfin débi pé àwọn ọmọ Ifẹ̀ gan-an, tí ọ̀pẹ yí oko bàbá wọn ká, ń ránṣẹ́ sí Bàdágírì kí wọ́n bá wọn rà á wá. Ó ń dùn mí. Òróró tí wọ́n fi kọ́kọ́ se ọṣẹ tí a fi ń fọ irun nílẹ̀ Yorùbá, àdín, ìyẹn òróró ẹ̀kùrọ́, ni. Ibi tí wọ́n sì ti kọ́kọ́ se é, lójú tèmi, Ilé-Ifẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ bí Olódùmarè ṣe rán Ọbàtálá pé kó wá tẹ ayé dó, bí ẹmu ṣe pa á lọ́nà, tí Odùduwà fi gba ẹrù náà, tó sọ̀ kalẹ̀ sí Ifẹ̀ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, àkùkọ àti ẹ̀kùrọ́ ọ̀pẹ. Ìdí ẹ̀kùrọ́ yẹn ni mo fẹ́ ká dúró sí. Ẹnu àwọn àgbà kò yà sórí àgbọn nínú ìtàn yẹn, kò yà sórí ẹ̀pà tàbí òrí. Ẹmu tó pa Ọbàtálá, ara ọ̀pẹ ló ti wá. Ikin mẹ́rìndínlógún tí babaláwo fi ń dífá, èso ọ̀pẹ ni. Ìlú tí ọ̀pẹ ti jẹ́ òpó ìtàn rẹ̀ tó báyìí, mi ò rò pé ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀kùrọ́ àti bí wọ́n ṣe lè yọ òróró rẹ̀.

Ẹ̀rí tí mo fọkàn tẹ̀ jù lọ wà lọ́dọ̀ Èṣù. Epo pupa ni wọ́n fi ń bọ Èṣù, àdín sì lèèwọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá da àdín sí Èṣù lórí, ìjà ló ń wá. Kódà, àwọn tó bá fẹ́ kí Èṣù bá ọ̀tá wọn jà máa ń da àdín sí i, wọ́n á wá ní lágbájá ló dà á. Ẹ rò ó dáadáa: a kì í sọ ohun tí kò sí nílé di èèwọ̀. Kí àdín tó lè di ohun tí òrìṣà kọ̀, ó ní láti jẹ́ ohun tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn ń tó lójoojúmọ́. Nítorí náà, bí ìsìn Èṣù ṣe pẹ́ tó, àdín pẹ́ jù ú lọ. Mi ò tíì rí ẹni tó fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ hàn mí lórí òróró àgbọn.

Àwọn kan á ní Gánà ni ká wò, torí pé níbi tí àwọn ará Kintampo gbé lójọ́ sí, àwọn awalẹ̀pìtàn hú èèpo ẹ̀kùrọ́ tó jóná jáde, tó ti lé ní 3,000 ọdún. Mo gbà pé wọ́n jẹ ẹyìn. Ṣùgbọ́n jíjẹ ẹyìn yàtọ̀ sí síse ọṣẹ, àwọn ará Gánà fúnra wọn sì ti jẹ́rìí fún wa: alata samina ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú títí dòní, èyí tó túmọ̀ sí ọṣẹ àwọn aláta, ìyẹn àwọn oníṣòwò tó ti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ síbẹ̀. Ó ti tó.

Iná ni ẹ̀rí mi kejì. Ọṣẹ kò ṣeé se láìsí eérú, eérú kì í sì í pọ̀ níbi tí iná kò ti pọ̀. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí àwọn ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì ní Igbó Olókun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá wá hú ilẹ̀ ibẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 2017 sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 ni wọ́n rí, àti pé àwọn ará Ifẹ̀ kò gba gíláàsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: àwọn fúnra wọn ló ṣe é, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó lè mú iná gbóná títí gíláàsì fi yọ́, ẹ wo bí eérú á ṣe pọ̀ láyìíká wọn tó. Òjò á rọ̀ sórí eérú náà, omi rẹ̀ á ṣàn. Àwọn alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ mọ bí iná èèpo ẹ̀kùrọ́ ṣe ń gbóná, kò sì sí ibi tí èèpo ẹ̀kùrọ́ wà tí ọwọ́ tó kún fún àdín kò ní sí. Ohun tí mo rò pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnìkan tí àdín wà lọ́wọ́ rẹ̀ fọwọ́ kan omi eérú, ó rí i pé ó ń yọ̀, ó ń hó, ìdọ̀tí ọwọ́ rẹ̀ sì lọ. Obìnrin ni mo rò pé onítọ̀hún jẹ́, nítorí ọwọ́ obìnrin ni iṣẹ́ àdín àti iṣẹ́ ọṣẹ wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mi ò mọ ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá tí iná, eérú àti ẹ̀kùrọ́ ti pàdé tó bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn.

Kí ló wá gbé e dé irun? Níhìn-ín, orí ju irun lọ. Orí ni àyànmọ́, orí ni a ń bọ, orí ni a ń bẹ̀ kí ọ̀nà là. Bí nǹkan kò bá gún fún ènìyàn, tó tọ babaláwo lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń gún ewé àti egbò mọ́ ọṣẹ dúdú fún un pé kó fi wẹ̀, orí ni omi náà sì ń kọ́kọ́ bà. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni, orí idẹ ni wọ́n hú jáde. Ihò wẹ́wẹ́ tò sí ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ lára àwọn kan, ó tún tò sí àgbọ̀n àwọn kan. Àwọn onímọ̀ gbà pé nǹkan ni wọ́n ń so mọ́ àwọn ihò náà: irun, irùngbọ̀n, tàbí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn tó ń ro ti irun ère idẹ báyìí, mi ò lè gbà pé omi lásán ni wọ́n fi ń fọ irun tó wà lórí tiwọn.

Bí wọ́n ṣe ń se é kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Mo ti jókòó ti ìyá kan tó ń se ọṣẹ ní Mọ̀ọ́rẹ̀, ní Ilé-Ifẹ̀. Ajere tó ń lò, Ìpetumodù ni wọ́n ti mọ ọ́n. Ó kọ́kọ́ fi háhá ẹyìn dí ìdí rẹ̀, ó kó eérú lé e, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí tíì tí kò ní mílíìkì. Ìyá ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan orí ahọ́n.

“Ìyá, ṣé kò ní bó yín lẹ́nu?”

“Bí kò bá ta mí lẹ́nu, kò tíì tó nìyẹn, ọmọ mi.”

Ó tutọ́ dànù, ó ní kí wọ́n da omi eérú náà padà sórí eérú tuntun. Ẹ̀ẹ̀kejì ló tó wù ú. Ó gbé e kaná títí ó fi ki, ó wá ń da àdín sí i. Àdín ọwọ́ rẹ̀ dúdú, ó ń ta sánsán, nítorí pé ńṣe ni wọ́n dín ẹ̀kùrọ́ náà nínú ìkòkò títí tí òróró fi sun jáde lára rẹ̀. Ó fi ọmọrogùn rò ó, kò dẹwọ́. Ìfófòó ru dé ẹnu ìkòkò, ó fa igi kan kúrò nídìí iná, ó wálẹ̀. Nígbà tí mo máa fi kúrò níbẹ̀, ó ti di ọṣẹ, ó rọ̀, ó dúdú.

Ìdí tí ọṣẹ yìí fi ń rọ̀ ni pé pọtáṣíọ̀mù ló wà nínú eérú. Kọ́sítíìkì sódà tó ń mú ọṣẹ le, sódíọ̀mù ni tiẹ̀. Eérú èèpo kòkó ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí, ó sì dára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ pé eérú kòkó ni ojúlówó ọṣẹ dúdú àtayébáyé, kò rò ó dénú. Àwọn ọdún 1870 ni kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà, ọ̀rúndún ogún ló sì tó gbilẹ̀ lóko Ifẹ̀ àti ti Iléṣà. Eérú ìdì ẹyìn tí wọ́n ti tu ẹyìn kúrò lára rẹ̀, àti ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ló wà ṣáájú. Àní eérú pàápàá, ọ̀pẹ náà ló ti wá.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn òróró tó kù. Òrí dára lára, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ kì í hù nínú igbó kìjikìji. Ìhà Ṣakí àti ilẹ̀ Bàrùbá ni wọ́n ti ń gbé e wá, apá kan nínú rẹ̀ kì í sì í di ọṣẹ rárá, kì í hó dáadáa. Àgbọn? Àwọn Potogí ló kó o wá sí etíkun wa, kò tíì tó 600 ọdún. Pliny, ará Róòmù tó kú ní ọdún 79, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Gaul ń fi ọ̀rá ẹran àti eérú ṣe ohun tó ń mú irun pọ́n. Àwọn kan ń fi èyí sọ pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni ọṣẹ irun ti wá. Pípa irun láró kọ́ ni fífọ irun.

Ohun tó mú kí àdín yẹ fún irun wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Nínú 100 gíráàmù rẹ̀, bíi 48 ló jẹ́ lauric acid, òun ló ń mú kí ọṣẹ hó kíákíá, kó sì wọnú irun tó ṣù. Òróró àgbọn náà ní bíi 48. Kò sí ohun tí àgbọn ń ṣe nínú ọṣẹ tí àdín ò lè ṣe. Epo pupa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní lauric kankan, àmọ́ bíi 44 nínú ọ̀rá rẹ̀ ló jẹ́ palmitic, ìyẹn ló ń mú kí ọṣẹ le, kó má tètè tán. Epo lárà yàtọ̀ sí gbogbo wọn: bíi 90 nínú ọ̀rá rẹ̀ ni ricinoleic, tó ń mú kí ìfófòó náà nípọn kó sì pẹ́ lórí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀kùrọ́ wa lọ sókè òkun, kí Ogun Àgbáyé Kìíní sì tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, Jámánì ló ń rà púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní 1923 ni Lever Brothers dá ilé iṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀ l'Ékòó. Ní 1934 ni Drene, ṣámpù tí kì í ṣe ọṣẹ, jáde ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ sì gba ilé ìwẹ̀ gbogbo ayé. Ní báyìí tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa ti ń jẹ́ kí irun wọn wà bí Ọlọ́run ṣe dá a, wọ́n tún ti ń padà sí ọṣẹ líle tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ fi àdín ṣe é, ohun tí mo fara mọ́ nìyí. Nínú 1,000 gíráàmù òróró, kí àdín jẹ́ 400, epo pupa 300, epo lárà 150, òrí 150. Kọ́sítíìkì rẹ̀ jẹ́ 144 gíráàmù, èyí á jẹ́ kí òróró bíi 5 nínú 100 ṣẹ́kù sínú ọṣẹ, kó má baà gbẹ irun. Omi rẹ̀ jẹ́ 330. Kọ́sítíìkì ni kí wọ́n máa dà sínú omi, kí wọ́n má da omi lé kọ́sítíìkì láé, torí ó lè ta síni lójú. Bí wọ́n bá gé e tán, kó sá sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọṣẹ gidi kì í kan bí omi ọsàn ṣe ń kan lẹ́nu, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sínú omi púpọ̀, kí wọ́n fi ṣan irun kẹ́yìn.

Àdín oríṣi méjì ló wà ní Ọjà Titun. Èyí tí ẹ̀rọ fún kò dúdú, òórùn rẹ̀ kò sì le. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ dín dúdú, ọṣẹ rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òun lèmi máa ń rà. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí wọ́n bá rà, kí wọ́n má ṣe lo ìwọ̀n kọ́sítíìkì tí wọ́n kọ fún òróró àgbọn. Gíráàmù kan àgbọn ń gba 0.183 gíráàmù kọ́sítíìkì, ti àdín ò ju 0.176 lọ. Ẹni tó kàn fi àdín rọ́pò àgbọn láìdín kọ́sítíìkì kù, àfikún òróró tó yẹ kó dáàbò bo irun ló ń jẹ tán yẹn, awọ orí ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.