Tasi'u (orúkọ ọkùnrin)

Tasi'u jẹ́ orúkọ ọkùnrin láàárín àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Haúsá ní àríwá Nàìjíríà. Inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ náà tāsiʿ, tí í ṣe “ẹ̀kẹsàn-án”. Ó wà nínú ọ̀wọ́ orúkọ mẹ́wàá tí wọ́n fi ń ka ọmọkùnrin: Auwalu tàbí Lawal ni àkọ́kọ́, Sani ni ìkejì, Salisu ìkẹta, Rabi'u ìkẹrin, Hamisu ìkarùn-ún, Sadisu ìkẹfà, Sabi'u ìkeje, Saminu ìkẹjọ, Tasi'u ìkẹsàn-án, Ashiru sì ni ìkẹwàá. Yorùbá tó bá ti pẹ́ díẹ̀ ní Abuja, ní Kaduna tàbí ní Kano yóò ti mọ Lawal àti Sani tó pọ̀ lọ súà. Ó lè gbé ibẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kó má ṣalábàápàdé Tasi'u kankan.

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà

Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta tí wọ́n fi kọ́ orúkọ yìí nínú èdè Lárúbáwá ni t, s àti ʿayn, ohùn ọ̀nà ọ̀fun tí Yorùbá kò ní. Láti ara wọn ni tisʿa, ìyẹn ẹ̀sán, ti jáde. Ibẹ̀ náà ni Tasu'a ti wá, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Muharram, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí máa ń gba ààwẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti Ashura tó jẹ́ ọjọ́ kẹwàá. Bí Tasu'a ṣe tan mọ́ Tasi'u ni Ashura ṣe tan mọ́ Ashiru.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé ẹnu Haúsá, ʿayn di ìdádúró kékeré tí wọ́n ń fi àmì (') kọ, wọ́n sì fi -u sí ìparí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe sí Muhammadu àti Aliyu. Ohùn Lárúbáwá tí a máa ń fi lẹ́tà th kọ di s lẹ́nu wọn: thānī di Sani, thālith di Salisu, bí Uthman náà ṣe di Usman. Kh di h, ni khāmis fi di Hamisu.

Haúsá kì í fi tasi'u ka owó tàbí ẹrù. Tara ni ẹ̀sán lédè tiwọn, ẹ̀kẹsàn-án sì ni na tara. Ṣùgbọ́n tó bá di àádọ́rùn-ún, casa'in ni wọ́n máa ń wí, èyí tó wá láti ara tisʿīn ti Lárúbáwá. Yorùbá tó ń ra tòmátì ní ọjà Wuse tàbí ní Mararaba, tó sì gbọ́ Haúsá díẹ̀, ti gbọ́ ìbátan orúkọ yìí nínú iye owó ọjà láìfura.

Fífi nọ́ńbà sọ ọmọ lórúkọ kì í ṣe nǹkan àjèjì ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Thani ni orúkọ baba ńlá tí wọ́n fi ń pe ìdílé tó ń jọba ní Qatar títí di òní. Rabi'a al-Adawiyya, obìnrin olùfọkànsìn ìlú Basra tó papò dà ní ọdún 801, ni ìtàn sọ pé wọ́n pè bẹ́ẹ̀ nítorí òun ni ọmọbìnrin kẹrin tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Òun gan-an ni àwọn Ràbíátù ilẹ̀ Yorùbá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ láti to ọ̀wọ́ náà láti orí ìkínní títí dé ìkẹwàá, kí ìkọ̀ọ̀kan wọn sì di orúkọ ènìyàn lójoojúmọ́, ilẹ̀ Haúsá ni àṣà yẹn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Ìwé ìtàn àwọn ọba Kano sọ pé nígbà ọba Yaji, ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ni àwọn Wangara láti ìhà Mali mú ẹ̀sìn Ìsìláàmù wá sí ìlú náà. Pẹ̀lú ẹ̀sìn ni orúkọ Lárúbáwá gba ọ̀nà wọlé.

Bí kíkà náà ṣe ń lọ

Muhammadu ni orúkọ tó wà nídìí gbogbo rẹ̀. Nítorí ìfẹ́ Ànábì, baba kan lè fẹ́ kí ju ọmọkùnrin kan lọ nínú ilé rẹ̀ máa jẹ́ Muhammadu. Àkọ́kọ́ á wá jẹ́ Muhammadu Auwal, èkejì á jẹ́ Muhammadu Sani, ẹ̀kẹta á jẹ́ Muhammadu Salisu. Nígbà tó bá yá, Muhammadu á bọ́ sẹ́yìn, nọ́ńbà nìkan ni ará àdúgbò á máa pè. Ìdílé Rabiu ti Kano jẹ́ àpẹẹrẹ tó hàn gbangba: Muhammadu Rabiu ni orúkọ baba Sheikh Isyaku Rabiu, olówò àti àáfáà ńlá tó dolóògbé ní ọdún 2018. Lónìí, Rabiu nìkan ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀, Abdulsamad Rabiu, tó ni ilé iṣẹ́ BUA. Àwọn ilé mìíràn wà tí wọn kì í wo ti Muhammadu rárá, ipò tí ọmọkùnrin wà láàárín àwọn arákùnrin rẹ̀ ni wọ́n ń kà.

Àṣà ìtìjú tí Haúsá ń pè ní kunya náà kún un. Bí ọmọ bá ń jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò ní fẹ́ máa pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ gbàgàdà. Yóò máa pe ọmọ ní Baba tàbí kó fi orúkọ mìíràn tó wà nílẹ̀ pè é, nọ́ńbà sì wúlò púpọ̀ fún èyí. Ìyàwó ilé Yorùbá tí kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ mọ ohun tí à ń wí.

Ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ, suna sì ni wọ́n ń pe ayẹyẹ náà. Ní òwúrọ̀ kùtù, àwọn ọkùnrin á jókòó sórí ẹní níwájú ilé, obì gbànja àti dàbínù á wà nínú àwo. Málàmù á ṣàdúrà, á kéde orúkọ náà, wọn á sì pín obì kiri. Àgbò á ti wà ní orí ìso. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Kubwa, ní Nyanya tàbí ní Sabon Gari ti Kano máa ń lọ bá aládùúgbò wọn ṣe é, wọn a sì kí bàbá ọmọ ní “Allah ya raya”, kí Ọlọ́run wo ọmọ náà.

Ohun tó mú un ṣọ̀wọ́n

Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ Tasi'u gbọ́dọ̀ ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin mẹ́jọ lọ́dọ̀ baba kan náà. Bí ilé bá tilẹ̀ ní ìyàwó mẹ́rin, kí ọkùnrin pé mẹ́sàn-án kì í ṣe ohun tó wọ́pọ̀. Ó tún kù síbì kan: kíkà náà kì í sábà lọ jìnnà kó tó já. Baba tó ti ní Lawal àti Sani lè sọ ẹ̀kẹta ní Ibrahim nítorí bàbá tirẹ̀, kó sọ ẹ̀kẹrin ní Umar. Nọ́ńbà ti já nìyẹn.

Àwọn èèyàn lè rò pé Ashiru ló yẹ kó ṣọ̀wọ́n jù, nítorí òun ni ìkẹwàá. Kò rí bẹ́ẹ̀. A máa ń gbọ́ Ashiru ju Tasi'u lọ dáadáa. Èrò tiwa ni pé díẹ̀ nínú àwọn orúkọ yòókù ní ohun mìíràn tí wọ́n fara tì. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bí Ashiru túmọ̀ sí alábàárìn. Èyí tó jọ Saminu túmọ̀ sí ohun iyebíye. Rabi'u bá orúkọ oṣù tí wọ́n bí Ànábì dún pọ̀, ìyẹn Rabi'u al-Awwal. Èèyàn lè torí èyíkéyìí nínú wọn sọ ọmọ lórúkọ láì ka ẹnikẹ́ni. Tasi'u kò ní irú ẹ̀ yẹn. Sadisu náà kò ní in.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí Tasi'u fi ń bọ́ lọ́wọ́ ìparun: takwara, ìyẹn kí a sọ ọmọ ní orúkọ ẹnì kan tí a bọ̀wọ̀ fún. Ọmọ-ọmọ Tasi'u lè jẹ́ Tasi'u bó tilẹ̀ jẹ́ àkọ́bí. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ orúkọ yìí kó sì gbà lọ́gán pé ẹni náà ní ẹ̀gbọ́n mẹ́jọ.

Lára àwọn tí orúkọ yìí hàn lára wọn nínú ìṣèlú ni Tasi'u Musa Maigari, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Katsina láti ọdún 2019 sí 2023. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ nínú ọ̀wọ́ orúkọ, Ibrahim Saminu Turaki, ṣe gómìnà Jigawa láti 1999 sí 2007.

Láàárín àwọn Yorùbá

Yorùbá gba Lawal, Sanni, Salisu, Rabiu àti Ashiru lọ́dọ̀ Haúsá, wọ́n sì sọ púpọ̀ nínú wọn di orúkọ ìdílé. Mohammed Alabi Lawal, ọmọ Ilorin, ṣe gómìnà Kwara láti 1999 sí 2003. Lola Ashiru, ọmọ Offa, di sẹ́nétọ̀ Gúúsù Kwara ní 2019. Kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ Lawal ní Ilorin bóyá àkọ́bí ni. Orúkọ bàbá ńlá ló ń jẹ́, nọ́ńbà inú rẹ̀ ti dákẹ́. Tasi'u kò bá wọn rìn dé ìhà wa. Yorùbá ní orúkọ tiwọn tó ń tẹ̀ lé ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìbí, ṣùgbọ́n ìbejì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá, Ìdògbé. Haúsá náà ní Gambo fún ẹni tó tẹ̀ lé ìbejì, òun ni Ìdòwú tiwa.

Àkọtọ́

Tasi'u ni àkọtọ́ Haúsá. Nínú ìwé ìjọba àti ti báńkì, wọ́n sábà máa ń yọ àmì àárín rẹ̀ kúrò, kó di Tasiu. Ẹni tí ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ní àmì náà tí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ kò sì ní in lè nílò ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó gbà pé ẹnì kan náà ni. Ó sàn kí òbí mú àkọtọ́ kan láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń gba ìwé ìbí ọmọ, kí wọ́n má sì yí i padà. Yorùbá tó bá ń pe orúkọ náà kò gbọdọ̀ sáré kọjá àárín rẹ̀: ó máa dúró díẹ̀ lẹ́yìn Tasi, kó tó pe u.