Àṣìlóye nípa wọ́ráǹtì ọ́fíṣà àgbà nínú iṣẹ́ ológun ojú omi

Òṣogbo jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ọmọ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ológun ojú omi, bí wọ́n bá sì wálé fún ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, àwọn ará ilé a máa jiyàn lórí ipò wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ ni pé Navy Warrant Officer, àgbàlagbà tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ni yóò máa pàṣẹ fún àwọn ọ̀dọ́ ọ́fíṣà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ológun ti Kàdúná.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń pè ní ratings, ìyẹn àwọn ológun ojú omi tí kì í ṣe ọ́fíṣà, ń gba ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wọn ní Onne, ní ìpínlẹ̀ Rivers. Láti ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti ń gòkè títí wọn yóò fi di petty officer, chief petty officer, wọ́ráǹtì ọ́fíṣà àti master warrant officer, kí wọ́n tó dé Navy Warrant Officer, tí kò sí ipò rating kankan lókè rẹ̀. Àwọn ọ́fíṣà ní àkàbà tiwọn, tí wọ́n ń gùn pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba, ìsàlẹ̀ àkàbà yẹn sì ga ju òkè ti ìṣáájú lọ. Nítorí náà, Navy Warrant Officer ni yóò kí sub-lieutenant, ọ̀dọ́ ọ́fíṣà tí ó lè jẹ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀ ní kíkí ológun, tí yóò sì pè é ní "sà".

Ẹni tí ó bá torí èyí sọ pé Navy Warrant Officer kò ní agbára tún ti ṣì í mú, ó sì yẹ kí ó yé ọmọ Òṣogbo ju ẹlòmíràn lọ, nítorí àgbà tí ó dọ̀bálẹ̀ fún Àtáọ́ja tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí náà ni Àtáọ́ja lè ránṣẹ́ pè fún ìmọ̀ràn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà dá irú ipò yìí sílẹ̀ ní 1967, Delbert Black ni wọ́n fi síbẹ̀, ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ USS Maryland nígbà ìkọlù Pearl Harbor ní 1941. Wọn kò fún un ní ọkọ̀ kankan láti darí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ọ̀rọ̀ àwọn ológun tí kì í ṣe ọ́fíṣà, àti ti ìdílé wọn, dé etí ọ̀gá àgbà pátápátá. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wà nípò náà lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ọsirélíà. Ní Nàìjíríà, oyè ni, ó lè ju ẹnì kan lọ tí yóò jẹ ẹ́.

Ọ̀dọ́ ọ́fíṣà tí ó bá gbọ́n a máa bi Navy Warrant Officer léèrè kí ó tó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ìsinmi, ilé gbígbé tàbí ìbáwí àwọn ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá forí sọ àpáta, ọ́fíṣà tí ó ń darí rẹ̀ ni yóò dáhùn, ì báà ti gba ìmọ̀ràn àgbà tàbí kó má gbà á.