Ṣé olówó nìkan ni omi àti òkè wà fún?

Láti Kabba títí dé Egbe ní ìpínlẹ̀ Kogi, bí ọ̀dọ́ kan bá ní òun fẹ́ fi ọjọ́ mélòó kan lọ wo omi, kí òun gun òkè, kí òun sì sinmi, ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Níbo lo ti rówó?" Ó ti wọ̀ wá lọ́kàn pé ti olówó àti òyìnbó ni ìrìnàjò afẹ́, pé ẹni tó bá fẹ́ rí adágún omi tó rẹwà, àfi kó lọ sí Switzerland, tàbí ó kéré tán kó dé Obudu. Irọ́ ni. Ó sì ń dùn mí gan-an, torí ilẹ̀ tiwa ni omi àti òkè pọ̀ sí báyìí.

Ẹ wo Lokoja. Odò Ọya ti Guinea ṣàn wá, Benue ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Bí ẹ bá gun Òkè Patti, tí orí rẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 458 ga ju òkun lọ, ẹ ó rí ìpàdé odò méjèèjì nísàlẹ̀ kedere, àwọ̀ ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì kí wọ́n tó dàpọ̀. Ilé ìsinmi Lugard, òyìnbó tó ṣàkóso ilẹ̀ yìí láyé ìjọba amúnisìn, wà lórí òkè náà. Wọ́n á sọ fún yín pé ibẹ̀ ni Flora Shaw, oníròyìn òyìnbó tó di ìyàwó Lugard, dúró sí tó fi sọ ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìwé ìròyìn The Times ti London ló kọ orúkọ náà sí ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1897, ọdún 1902 ni òun àti Lugard sì tó ṣègbéyàwó. Ẹ má kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìtàn yẹn bí òótọ́.

Bí ẹ bá kọjá Kabba síhà ìwọ̀ oòrùn, àpáta ló kù lọ́tùn-ún lósì. Ogidi wà ní Ìjùmú, níbi tí Nike Okundaye, ìyá aláàdìrẹ tí ayé mọ̀, ti wá. Ní Yagba West, wọ́n sé odò Kampe nítòsí Ejiba kí àwọn àgbẹ̀ lè rí omi bomi rin oko. Ìsédò Omi (Omi Dam) là ń pè é, adágún ńlá ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ló wá ń jẹ owó? Ọkọ̀ ni. Ẹni tó bá ṣátà mọ́tò láti Lokoja dé Ejiba, òun nìkan ló sanwó gbogbo ìjókòó, ó tún sanwó òfìfo tí dẹ́rẹ́bà máa gbé padà. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní gáréèjì dé Kabba, tó wọ òmíràn dé Isanlu, tó sì tún wọ òmíràn dé Ejiba, ìjókòó kan péré ló ń san lójú ọ̀nà. Ọlọ́kadà ló máa gbé e débi tó kù. Ohun tí àlejò kì í sì í béèrè ni ọjọ́ ọjà. Lọ́jọ́ ọjà, mọ́tò máa ń lọ sí abúlé tó jẹ́ pé lọ́jọ́ mìíràn, ṣátà nìkan ló lè débẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ bi àwọn ará ibẹ̀ pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń ná ọjà wọn. Ìbéèrè yìí ń dín owó kù ju kéèyàn máa bá dẹ́rẹ́bà yọwó lọ. Ti oúnjẹ àti ibùsùn kì í ṣe wàhálà: iyán wà, ẹja wà, ilé àlejò kékeré sì wà ní àwọn ìlú ńláńlá wa.

Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ pé owó kékeré tó tún ní àṣìṣe tiwọn. Wọ́n á ní omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ ò lè ṣe nǹkan kan. Adágún tí wọ́n fi ìsédò dá, igi tí omi bò lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó lè dojú ọkọ̀ dé. Etí rẹ̀ lè dà bí ibi tí kò jìn, kí ẹsẹ̀ kejì má sì rí ilẹ̀ tẹ̀. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ apẹja, ẹ wo inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi gálọ́ọ̀nù tí wọ́n gé láàbọ̀ gbọ́n omi kúrò nínú rẹ̀ nígbà tó ṣì wà létí omi, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ kí bàbá tó ni ín, kí ẹ dúró de òmíràn. Owó láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ò ṣeé yọ kúrò nínú ìnáwó, bí ẹ tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ẹ má sì dédé bẹ́ sómi. Inú omi tí kò ṣàn ni ìgbín kéékèèké tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá máa ń wà. Ara ni kòkòrò náà ń gbà wọlé, kò dìgbà téèyàn bá mu omi ọ̀hún. Ẹni tó bá tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀, kó lọ sí ọsibítù. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, kì í sì í ṣe oògùn téèyàn ń dá lò fúnra rẹ̀.

Ìjínigbé ti ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà wa, mi ò ní fi pa mọ́. Ojúmọmọ ni kí ẹ rìn. Bí àwọn ará ìlú bá ní kí ẹ má gba ọ̀nà kan lónìí, ẹ padà, ì báà jẹ́ pé ẹ ti sanwó ọkọ̀.

Ní ti àsìkò, oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá ni omi máa ń kún jù ní Lokoja. Lọ́dún 2012 àti 2022, ó ya wọ ilé, ó sì dí ọ̀nà mọ́tò. Bí ọyẹ́ bá sì ti mú dáadáa ní oṣù Kejìlá, kùrukùru eruku lè bo odò tí ẹ torí ẹ̀ gun òkè. Oṣù Kọkànlá ni èmi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí: òjò ti ń dá, koríko ṣì tutù, ìpàdé odò méjèèjì sì máa ń hàn kedere láti orí Òkè Patti.