Kí ló dé tí plugin ọ̀fẹ́ fi ń béèrè owó láàárín ọ̀nà?

Ìbéèrè: Aṣọ òkè ni mò ń tà lórí ìkànnì tí mo fi WordPress ṣe. Mo fi plugin kan, ìyẹn irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n ń fi kún WordPress, sí i tó ń dín ìwọ̀n fọ́tò kù, kí ojú ìwé lè tètè ṣí. Wọ́n ní àwòrán 100 lóṣù, ọ̀fẹ́ ni. Mi ò tíì gbé ogún fọ́tò sókè tí wọ́n fi ní ó ti tán, kí n wá sanwó. Ṣé jìbìtì kọ́ nìyí?

Ìdáhùn: Kì í ṣe jìbìtì, ṣùgbọ́n ó yẹ kó dùn yín. Fọ́tò tí ẹ gbé sókè kọ́ ni wọ́n ń kà, fáìlì ni. Bí fọ́tò kan bá ti dé orí WordPress, WordPress fúnra rẹ̀ á gé e sí oríṣiríṣi ìwọ̀n: píksẹ́lì 150, 300, 768 àti 1024. Nígbà tí WordPress 5.3 jáde lọ́dún 2019, wọ́n fi 1536 àti 2048 kún un, fọ́tò tó bá sì ju 2560 lọ tún ń ní ẹ̀dà tí wọ́n dín kù sí 2560. Fọ́tò fóònù òde òní sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kà á wò, fọ́tò kan ṣoṣo ti di fáìlì méje, láìka ojúlówó tí ẹ gbé sókè.

Ẹ wo ShortPixel, ọ̀kan nínú àwọn plugin tó ń dín fọ́tò kù, tó ń fúnni ní kírẹ́díìtì 100 lóṣù. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ kírẹ́díìtì kan, nítorí náà fọ́tò kẹẹ̀ẹ́dógún kò ní lè kọjá. Bí ẹ bá ń lo WooCommerce, plugin tí wọ́n fi ń ṣí ìsọ̀ lórí ìkànnì, kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí òun náà ní ìwọ̀n tirẹ̀ tó ń gé.

Ohun tí ẹ lè ṣe rèé: ẹ dín fọ́tò kù lórí fóònù, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn jù má ju 1200 lọ, kí ẹ tó gbé e sókè. WordPress kò ní gé 1536 àti 2048 mọ́, fáìlì tí WordPress fúnra rẹ̀ ń ṣe, pẹ̀lú ojúlówó, kò sì ní ju márùn-ún lọ. Ẹ tún yọ àwọn ìwọ̀n tí ìkànnì yín kò lò kúrò nínú ètò plugin náà.

Ìbéèrè: Ṣé WordPress gbà wọ́n láyè ni?

Ìdáhùn: Àkójọ plugin ti WordPress.org ní òfin. Ìlànà karùn-ún ní plugin kò gbọdọ̀ ti apá kan pa títí ènìyàn yóò fi sanwó, kò sì gbọdọ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró torí pé iye kan ti pé. Ṣùgbọ́n ìlànà kẹfà gba iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí sáfà ara wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wọn, láyè. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá. Ìránṣẹ́ lásán ni plugin tó wà lọ́dọ̀ yín: ó ń gbé fọ́tò lọ sí sáfà wọn, ó sì ń gbé e bọ̀.

Sáfà ń jẹ owó, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n kọ “àwòrán” nígbà tó jẹ́ pé fáìlì ni wọ́n ń kà. Ìlànà kẹfà kan náà ló ní kí wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ náà kedere nínú readme, ìyẹn ìwé àlàyé plugin. Kí wọ́n kọ ọ́ sókè níbi tí ojú ti lè rí i.

Ìbéèrè: Plugin fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ tí oníbàárà fi ń kọ̀wé sí wa ńkọ́? Oníbàárà kan ní òun kọ̀wé sí mi, mi ò rí nǹkan kan.

Ìdáhùn: Èyí ló burú jù lójú mi. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ síbi tí ẹ ti lè kà á, ímeèlì nìkan ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Bí ímeèlì náà bá bọ́ sínú spam, ó parí nìyẹn. Nínú WPForms Lite, tó jẹ́ plugin fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́, ẹni tó sanwó ló lè ka àwọn ọ̀rọ̀ náà nínú dashboard, ìyẹn ojú ìwé tí ẹ fi ń darí ìkànnì yín. Contact Form 7, plugin fọ́ọ̀mù mìíràn, náà kì í tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é ló ṣe plugin Flamingo tó ń bá a tọ́jú wọn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ fi sí i lónìí.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè tètè mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ka ojú ìwé iye owó lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ohun tí ọ̀fẹ́ kò ní polówó. Bí plugin bá béèrè API key, ìyẹn kóòdù tí ilé iṣẹ́ náà fi ń dá yín mọ̀, sáfà wọn ni iṣẹ́ wà, ẹ wá iye tí wọ́n ń kà. Ẹ fi fọ́tò kan ṣoṣo dán an wò, kí ẹ wo iye tó yọ. Ẹ sì wá bọ́tìnì tí ẹ lè fi kó dátà yín jáde. Bó bá jẹ́ ẹni tó sanwó nìkan ló ní i, ẹ má kó orúkọ oníbàárà yín síbẹ̀.