Ṣé Dandan Ni Kí Ìlú Ńlá Ní Ààfin?

Bí a bá gbọ́ pé ìlú kan tóbi láyé àtijọ́, ọba ibẹ̀ la kọ́kọ́ ń bèèrè. Ojú Ọ̀yọ́ Ilé la fi ń wo gbogbo ìlú: ọba wà láàfin, àwọn ìletò tó yí i ká ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá, èyí tó bá ṣorí kunkun, wọ́n á gbógun tì í. Ọ̀pọ̀ wa wá gbà pé ìlú kì í tóbi láìjẹ gàba lórí àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ìlú àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Djenné-Djenno kò rí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè Málì ló wà, níbi tí omi Odò Ọya ti máa ń kún bo ilẹ̀ lọ́dọọdún. Láti nǹkan bí ọdún 250 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ti tẹ ibẹ̀ dó, nítorí náà irọ́ ni ohun táwọn kan máa ń sọ, pé àwọn oníṣòwò Lárúbáwá, tí wọ́n dé lẹ́yìn ìgbà yẹn, ló kọ́ wọn ní ìlú gbígbé. Lọ́dún 1977, àwọn awalẹ̀pìtàn méjì, Susan àti Roderick McIntosh, bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n rí ilé amọ̀, irin, bàbà, àti odi tó gùn tó kìlómítà 2. Wọn ò rí ààfin.

Ẹ wá wo àwọn òkìtì tó yí ìlú náà ká. Láàárín kìlómítà 4 péré, òkìtì tí èèyàn ti gbé rí lé ní 60. Lórí òmíràn, ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí irin yíyọ́, ló kún ilẹ̀, ilé àwọn alágbẹ̀dẹ nìyẹn. Òmíràn jẹ́ ti àwọn apẹja. Ó rán mi létí Ilé Agbẹ̀dẹ àti Ilé Onílù láwọn ìlú wa, àmọ́ tiwọn dá dúró lórí òkìtì tirẹ̀, omi sì ń là wọ́n láàárín nígbà ìkún omi.

Kí ló dé tí wọ́n fi sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀, tí wọn ò sì dà pọ̀? Ilẹ̀ ibẹ̀ ní ìrẹsì àti ẹja, kò ní òkúta, kò ní irin. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń kó o wá. Omi náà kò ṣeé gbọ́kàn lé: ó lè kún jù lọ́dún yìí, kó má tó lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn McIntosh gbà pé ìyẹn ló jẹ́ kí kálukú di iṣẹ́ tirẹ̀ mú, kó sì máa fi ohun tó ní gba ohun tí kò ní lọ́wọ́ aládùúgbò. Alágbẹ̀dẹ ń pa awo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ìrẹsì kò jìnnà sí i.

Ẹnì kan lè ní, ta wá ló pàṣẹ odi yẹn? Èmi ò rí i pé odi nìkan tó ẹ̀rí ọba. Ṣebí ọ̀wẹ̀ làwọn baba wa fi ń kọ́lé, tí wọ́n fi ń ṣán oko.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1400, Djenné-Djenno ti dahoro. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn òkìtì tó yí i ká bá a dahoro.