Ta ló kọ́kọ́ fowó sílẹ̀ ká lè rí inú etí?

Etí tí à ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí kọ́ ló ń gbọ́ràn. Ibi tí ìgbọ́ràn ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an fara pamọ́ sínú egungun ẹ̀bátí, níbi tí egungun ti le jù lọ nínú ara. Ó lọ́ po bí ìkarahun ìgbín, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Nǹkan bí 15,000 sẹ́ẹ̀lì onírun, àwọn tó ń gba ìró, ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kú, òmíràn kì í hù rọ́pò wọn. Dókítà kò sì lè gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò bó ti ń ṣe fún ọyàn tàbí ẹ̀dọ̀, torí etí náà lè di pátápátá. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára: ẹni tí etí rẹ̀ ń di lọ á jókòó níwájú dókítà, dókítà á sì máa méfò.

Owó tó kọ́kọ́ là wá lójú síbẹ̀ kì í ṣe owó etí rárá, owó tẹlifóònù ni. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, Georg von Békésy ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba ní Budapest, lórílẹ̀-èdè Hungary, ilé-iṣẹ́ tó tún ń bójú tó tẹlifóònù. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí wọ́n tún ṣe kí ohùn lè já gaara. Békésy rò ó pé bí òun kò bá mọ bí etí ṣe ń gbọ́, òun kò lè dáhùn. Ló bá ń wá etí òkú kiri. Ó ń gbẹ́ egungun náà nínú omi, ó wọ́n ẹ̀rún fàdákà sórí awọ inú rẹ̀, ó wá tan iná tó ń ṣẹ́jú sí i. Ó rí i pé ìró ń rìn lórí awọ náà bí ìgbì omi. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1961.

Ẹni tó wá gbé owó kalẹ̀ nítorí etí fúnra rẹ̀ ni Collette Ramsey Baker, ará Amẹ́ríkà. Etí tirẹ̀ ti di rí kí iṣẹ́ abẹ tó là á. Ní 1958 ó dá Deafness Research Foundation, àjọ tó ń náwó sí ìwádìí etí dídi, sílẹ̀. Ní 1960, àjọ náà dá báńkì egungun ẹ̀bátí sílẹ̀: adití á fọwọ́ síwèé nígbà ayé rẹ̀ pé bí òun bá kú, kí wọ́n yọ egungun náà fún ìwádìí. Lójú tèmi, ọrẹ yìí ju owó lọ.

Àǹfààní etí òkú kò kéré. Ní 1938, Hallpike àti Cairns ní London, àti Yamakawa ní Osaka, rí i nínú egungun àwọn tí àìsàn Ménière bá jà, àìsàn tó ń kó òòyì àti ariwo bá etí, pé omi inú etí wọn ti pọ̀ jù, ó sì ti wú. Ṣùgbọ́n ta ló máa rí i lára alààyè? Ẹ̀rọ CT, tó ń fi X-ray ya àwòrán inú ara, tí ilé-iṣẹ́ EMI, àwọn tó ń ta àwo orin, ṣe, tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi wo aláìsàn ní 1971, ń fi egungun hàn. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ń fi omi hàn, ṣùgbọ́n kò ya omi tó wú sọ́tọ̀ kúrò lára omi yòókù nínú etí. Ní 2007 ni Nakashima àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nagoya fa gadolinium, oògùn tó ń jẹ́ kí àwòrán MRI hàn kedere, sẹ́yìn awọ ìlù etí, wọ́n dúró di ọjọ́ kejì, wọ́n wá ya MRI. Wíwú náà hàn. Ó ti tó ọdún 69 tí wọ́n ti rí i lára òkú.

Ìjọba Amẹ́ríkà ti dá NIDCD, ilé ìwádìí ìjọba lórí etí dídi àti ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, sílẹ̀ ní 1988, ibẹ̀ ni owó ìwádìí etí pọ̀ sí jù. Ní 2010, àjọ ìdílé Bertarelli láti Switzerland so yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ EPFL, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Lausanne, nínú ìwádìí. Owó yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí Konstantina Stankovic, oníṣẹ́ abẹ etí, àti Demetri Psaltis, onímọ̀ ìmọ́lẹ̀, jọ ṣiṣẹ́: ní 2013 wọ́n fi iná lésà rí sẹ́ẹ̀lì onírun nínú etí eku láìtú u jáde. Ní 2018, Stankovic àti àwọn mìíràn fi ìtànṣán X-ray alágbára ńlá rí sẹ́ẹ̀lì inú etí ènìyàn láìgé egungun rẹ̀. Egungun olóògbé nìyẹn náà.