Ibi tí ìkórìíra Oliver Cromwell ti ṣẹ̀ ní Ireland

Ọ̀pọ̀ òpìtàn a máa ka ìkórìíra tí àwọn ará Ireland ní sí Oliver Cromwell, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tí ó kó ogun wọ ilẹ̀ wọn, sí ọ̀rọ̀ ìpànìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Drogheda nìkan, ṣùgbọ́n lójú tèmi, inú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Kí Cromwell tó gúnlẹ̀ sí Dublin ní oṣù kẹjọ ọdún 1649, àwọn Kátólíìkì ibẹ̀ ti dìtẹ̀ ní 1641, wọ́n sì ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún Pùròtẹ́sítáǹtì tí ó wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ wọn. Ìròyìn ìpànìyàn yẹn, tí àwọn òǹtẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù bù mọ́ gan-an, ni ó wà lọ́kàn àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nígbà tí wọ́n ya wọ Drogheda ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án. Àwọn kan lára àwọn tí ń dáàbò bo ìlú náà sá gun ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì Peter Mímọ́. Cromwell ní kí wọ́n ti iná bọ̀ ọ́, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé wọ́n gbọ́ igbe ẹnì kan láàárín iná pé òun ń jóná. Ó ní ìdájọ́ òdodo Ọlọ́run ni.

Síbẹ̀, ogun a máa jà, a sì máa tán. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà ni ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń wò lójoojúmọ́. Òfin ọdún 1652 gba oko lọ́wọ́ àwọn Kátólíìkì onílẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n kó lọ sí Connacht, ní òdìkejì odò Shannon, kí oṣù karùn-ún ọdún 1654 tó wọlé. Ilẹ̀ ọ̀hún ni wọ́n fi san owó oṣù àwọn ọmọ ogun, òun náà ni wọ́n fi san gbèsè àwọn oníṣòwò tí ó yá ìjọba lówó. Ní 1641, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ilẹ̀ Ireland ni ó wà lọ́wọ́ Kátólíìkì. Nígbà tí yóò fi di 1688, kò ju nǹkan bí ìdá 22 lọ. Abájọ tí wọ́n fi ń ṣẹ́ èpè ní èdè wọn pé kí èpè Cromwell ja ẹni tí ó bá ṣẹ̀ wọ́n. Àwọn tí ń wí pé òfin ogun ìgbà náà gba ohun tí ó ṣe ní Drogheda láyè kò fọhùn rárá nípa ilẹ̀.

Ìyìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fún un kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1661, àwọn fúnra wọn hú òkú rẹ̀, wọ́n sì so ó kọ́. Ẹ̀yìn ọdún 1845, tí òǹkọ̀wé Thomas Carlyle tẹ àwọn lẹ́tà Cromwell jáde, ni ọ̀pọ̀ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní akọni. Ní 1895, àwọn aṣòfin Ireland wà lára àwọn tí ó fi ìbò dínà owó ère rẹ̀. Rosebery, tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, sanwó náà lábẹ́lẹ̀, ère sì dúró ní Westminster, níbi tí ilé aṣòfin wọn wà, ní 1899. Ní 2002, ìbò BBC fi í sí ipò kẹwàá láàárín àwọn èèkàn ilẹ̀ Bìrìtìkó.